Ta Ló Ní Ìkòkò Tí Kò Ní Ẹran Jẹ́ Ohun Ìtìjú?

Sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wa ní ọjà Ayewa, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ti Kabba, Búnú, Ìjùmú àti Yàgbà wá bá wa ná ọjà:

Ọ̀rọ̀ owó ilẹ̀ ọjà àti ti gọ́tà tó dí, a ti kọ ọ́ sínú ìwé tó ṣáájú èyí, a kò ní tún un kọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la gbé wá lónìí. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni, ó sì dùn wá dé egungun.

Ẹ̀yin tí ẹ wá sí mítìnì tó kọjá, ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò wá, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́, nítorí àwọn kan ti ń sọ ọ́ kiri bí wọ́n ṣe fẹ́.

Ọdún 2020 ni nǹkan yìí bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àrùn kòrónà dé tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin de ìrìn-àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì. Àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó, ní Àbújá, ní Ìlọrin, wọn kò lè wá sílé, àwa náà kò lè lọ bá wọn. Ìgbà náà ni ọmọ ọ̀kan nínú wa pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó ní, "Màámi, kí lẹ sè lónìí?" Ìyá kò mọ bí òun ṣe máa ṣàlàyé, ló bá ní kí ọmọ ọmọ òun ya fótò ìkòkò ọbẹ̀ ilá tó wà lórí iná, kó fi ránṣẹ́. Ọmọ rí i, ó bú sẹ́kún. Ó fi han ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ fi han ìyá tirẹ̀. Kí oṣù kan tó pé, àwa obìnrin ọjà, àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi, àti àwọn tí kì í tilẹ̀ ṣe ará ibí ṣùgbọ́n tí wọ́n fẹ́ràn oúnjẹ, gbogbo wa ti wà lórí WhatsApp kan náà. Kálukú ń fi ohun tó sè lálẹ́ ọjọ́ náà han ẹnì kejì.

Kì í ṣe oúnjẹ òde o. Oúnjẹ ilé ni. Iyán àti ẹ̀gúsí ní ọjọ́ tí ọwọ́ bá dẹ̀. Ọ̀kà àti ilá. Ẹ̀bà. Ẹ̀kọ bàbà àti àkàrà òwúrọ̀. Iṣu tí wọ́n sun lóko tí wọ́n fi epo pupa jẹ. Ìyá kan fi ẹ̀wà tó jóná nídìí hàn, ó ní kí ẹ máa ṣe bí òun ti ṣe. A rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn, láìsí ìjà, títí di ọjọ́ tí a fẹ́ sọ yìí.

Opó kan nínú wa, ẹni tó ń ta ata lórí ilẹ̀, fi fótò ọbẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ ọjà kan. Ẹ̀fọ́ gbúre ni, ìrù, epo díẹ̀, ata àti iyọ̀. Kò sí ẹran, kò sí ẹja, pọ̀nmọ́ pàápàá kò sí. Ọ̀kà ni òun àti àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ mẹ́ta fẹ́ fi jẹ. Ó ní kí wọ́n bá òun kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ohun tí Ọlọ́run pèsè rèé, ẹ bá wa jẹ o." Ẹnì kan nínú wa (a mọ̀ ọ́n, òun náà mọ ara rẹ̀, a kò ní dárúkọ) ló fèsì pé, "Ṣé ọbẹ̀ nìyí àbí omi ìfọwọ́?" Àwọn kan sì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi àwòrán ẹ̀rín ránṣẹ́ lọ́tùn-ún lósì.

Opó yìí kò fèsì. Láti ọjọ́ náà, kò fi ohunkóhun síbẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò wá jókòó lọ́dọ̀ wa lábẹ́ igi tí a ti máa ń jẹun ọ̀sán. Ẹ̀yìn àpò ata rẹ̀ ló ti ń dá jẹun, ó ń kọ ẹ̀yìn sí ènìyàn.

Èyí tó tún wá burú jù ni ti mítìnì. Dípò kí ẹni tó sọ̀rọ̀ tọrọ àforíjì, ńṣe ni ẹlòmíràn dìde, ó ní kí ẹgbẹ́ ṣe òfin: ẹnikẹ́ni tó bá tún fi ìkòkò tí kò ní ẹran hàn, kó san ẹgbẹ̀rún méjì náírà, nítorí ó ń ba ẹgbẹ́ lórúkọ jẹ́, àwọn ará Èkó àti ará òkè òkun á máa rò pé ebi ń pa wá. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ó yà wá lẹ́nu, ẹ̀yin ìyá. Àwọn ọkọ méjì sì ti ránṣẹ́ sí wa tẹ́lẹ̀ pé ká fòpin sí gbogbo rẹ̀ pátápátá, pé inú ìkòkò ni àṣírí ilé wà.

Àwa ìgbìmọ̀ ti jókòó lé e lórí. Ìwé mẹ́fà péré ni ẹni tó ń fi ọwọ́ kọ èyí kà, ṣùgbọ́n ó ti ń dáná láti ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tó etí ìkòkò. Ẹ gbọ́ ohun tí a rí sí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti "wọ́n á rò pé ebi ń pa wá." Ta lẹ fẹ́ tàn? Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, owó ọkọ̀ ti gòkè. Ẹja tó ń ti etí odò ní Lọ́kọ́ja bọ̀, owó ọkọ̀ rẹ̀ gorí ẹja. Iṣu tó ń ti oko bọ̀, owó ọkọ̀ rẹ̀ gorí iṣu. Nígbà tó fi di oṣù kẹfà ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ fúnra wọn kéde pé iye tí à ń ra oúnjẹ ní Nàìjíríà ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti oṣù kẹfà ọdún 2023 lọ. Ìyẹn ni pé oúnjẹ tí ẹ fi ẹgbẹ̀rún kan náírà rà, láàárín ọdún kan ó ti lé ní egbèje náírà. Kí wọ́n tó ṣe ìṣirò yẹn ni àwa ti mọ̀, nítorí àwa la wà nídìí mudu. Àwa la rí oníbàárà tó máa ń ra mudu ẹ̀wà mẹ́rin tó wá ń ra méjì, tó wá ń ra kan, tó wá ń béèrè bóyá a lè pín ọ̀kan sí méjì.

Ẹran kúrò nínú ìkòkò ọ̀pọ̀ nínú wa láìdágbére. Kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ ló lé e jáde. Ẹni tó dìde tó ní ká gba fáìnì, ẹ jẹ́ ká bi í: ní ọjọ́ márùn-ún tó kọjá, ọjọ́ mélòó ni ẹran wọ ìkòkò tirẹ̀? Kó má dá wa lóhùn. Kó dá ara rẹ̀ lóhùn.

Bí a bá ní kí ẹni tí kò ní ẹran pa ìkòkò rẹ̀ dé, ìkòkò mélòó ni yóò ṣẹ́ kù tí a ó máa wò? Ti ènìyàn mẹ́rin márùn-ún tó rí jẹ. Àwọn ìyókù á wá máa wò wọ́n lẹ́nu bí ọmọ aládùúgbò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ṣé irú ẹgbẹ́ tí a fẹ́ nìyẹn?

Àǹfààní tí a rí nínú ìkòkò aláìlẹ́ran sì pọ̀. Láti ara rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́ bí a ṣe ń se gbẹ̀gìrì. Ẹ̀yin ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ọbẹ̀ tiwa níbí gan-an, ti ìhà Ìlọrin àti Ọ̀yọ́ ni. Ìyàwó kan tí wọ́n gbé wá láti Ìlọrin ló fi hàn wá: kí a bó ẹ̀wà, kí a sè é títí yóò fi rọ̀ dẹ̀dẹ̀, kí a lọ̀ ọ́ mọ́lẹ̀, kí a fi epo, ata àti ìrù sí i. Ó ní bí ẹran kò bá sí, ẹ̀wà á ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lára ọmọ. Nọ́ọ̀sì náà ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wa ní ọjọ́ ìwọ̀n ọmọ. Ìyá mìíràn fi hàn wá bí òun ti ń fi olú tó hù lẹ́yìn òjò se ẹ̀gúsí, ṣùgbọ́n a bẹ̀ yín, ẹni tí kò bá mọ olú, kó má ṣa á o. Ṣé ẹ̀kọ́ báyìí ni à ń pè ní ìbàjẹ́ orúkọ ẹgbẹ́?

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti àwọn tó ní oúnjẹ ńlá nìkan ló yẹ kí á fi hàn ayé. Àwa kò bínú oúnjẹ ńlá. Nígbà tí ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Hilda Baci dáná l'Ékòó ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí àwọn tó ń kọ àkọsílẹ̀ àgbáyé Guinness sì fọwọ́ sí wákàtí mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún àti ìṣẹ́jú mọ́kànlá fún un, inú wa dùn, a jó. Ará Ireland kan gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ó tún padà wá, ó se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tó wọn kílò 8,780 nínú ìkòkò kan ṣoṣo l'Ékòó, wọ́n sì tún kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ọmọ akin ni. Ìnáwó lásán ni àwọn ọkùnrin pè é, ṣùgbọ́n àwa mọ ohun tó wà nínú kí obìnrin dúró nídìí iná fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ṣùgbọ́n ta ló ń se kílò ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ lójoojúmọ́? Ìkòkò tó gbé orílẹ̀-èdè yìí dúró ni èyí tó wà lórí ààrò mẹ́ta lẹ́yìn ilé, tí a dá ní aago márùn-ún ìdájí kí ọmọ tó lọ sí ilé ìwé, tí a tún dá nígbà tí a bá ti ọjà dé tí ẹsẹ̀ ń ro wá. Ẹnikẹ́ni kò kọ ìyẹn sílẹ̀ rí. Bí àwa fúnra wa kò bá fi hàn, ta ni yóò fi hàn? Àwọn ọmọ wa á dàgbà, wọ́n á rò pé oúnjẹ Yorùbá ni ìrẹsì òde àti ẹran dídín, wọn kò ní mọ ẹ̀bolò yàtọ̀ sí gbúre. Wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ọmọ kan tí wọ́n bí l'Ékòó wá sọ́jà wa ní Kérésì, ó tọ́ka sí ìrù, ó ní "Grandma, kí ló kú síbẹ̀?"

Ẹ̀yin ọkọ wa tí ẹ ní inú ìkòkò ni àṣírí ilé wà, a kí yín, a sì bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀. Ẹ rántí bí wọ́n ti tọ́ yín. Ẹni tó bá ń jẹun níwájú ilé tí ènìyàn ń kọjá, kí ló máa ń sọ? "Ẹ wá jẹun o," tàbí "Ẹ bá wa jẹ." Kì í kọ́kọ́ wo inú àwo rẹ̀ bóyá ẹran wà níbẹ̀. Iṣu àsun lásán ni, á pe ènìyàn. Ẹni tó ń kọjá náà, bí kò tilẹ̀ fẹ́ jẹ, kí ló ń dáhùn? "Á gba ibi ire o." Kì í na ọrùn wo àwo, kì í sọ pé omi ìfọwọ́ ni. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí a wà lọ́mọdé, àgbà á fi ọ̀pá ìkókó lé e.

Ohun tí opó yẹn kọ gan-an nìyẹn. "Ẹ bá wa jẹ o." Ó ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ. Fóònù ló kàn jẹ́ kí ohùn rẹ̀ dé ọ̀nà jíjìn. Àwa tí a gbọ́ ni a kò mọ èsì mọ́. Kí GSM tó dé Nàìjíríà lọ́dún 2001, ọmọ la máa ń rán pẹ̀lú abọ́ tí a dé, láti ilé dé ilé, "Màámi ní kí ẹ tọ́ ọ wò." Abọ́ kì í sì í padà lófìfo. Ìyẹn kò tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Ìyẹn gan-an ló ń bo àṣírí, nítorí bí abọ́ ilé kan kò bá jáde fún ọjọ́ mẹ́ta, àwọn aládùúgbò á ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe níbẹ̀, wọ́n á ti gbé èlùbọ́ wọlé lóru láìpariwo. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ̀yin bàbá lẹ kọ́ wa ní òwe yìí.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti owó, nítorí ẹgbẹ́ ọlọ́jà ni wá, a kì í ṣe ẹgbẹ́ akọrin.

Ẹ wo ìrù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe é mọ ìyà tó wà nínú rẹ̀. A ó ṣa èso igi igbá, a ó fọ ìyẹ̀fun kúrò lára kóró, a ó sè é láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, a ó gún un tàbí kí á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo lè bọ́, a ó ṣàn án lódò, a ó tún un sè, a ó bò ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ewé fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó di ìrù. Igi ìdáná, omi, ẹ̀yìn ríro. Lẹ́yìn gbogbo èyí, onímagí á já kóró kan sínú ọbẹ̀, ó parí. Kí ló dé tí wọ́n ń ra ìyẹn tí wọ́n fi ń fi tiwa sílẹ̀? Ìdí pọ̀, a mọ̀. Ìrọ̀rùn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú rẹ̀ ni pé ojú wọn ń rí i. Wọ́n ń rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, lára ògiri, lára agboòrùn tó bo orí àtẹ àwa fúnra wa! Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gbójú sókè, ẹ wo orí ara yín. Àwa là ń bá wọn polówó lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tí ìrù wa wà nínú igbá tí a dé.

Ìrù kò ní ilé-iṣẹ́ ńlá tí yóò san owó tẹlifíṣọ̀n fún un. Gbúre kò ní. Ọ̀gì bàbà kò ní. Fótò ìkòkò wa yìí nìkan ni ìpolówó tí wọ́n ní. Ìyá tó ń ta ìrù ní ìlà kejì lè jẹ́rìí: ọmọ ẹnì kan tó wà ní London rí ìrù nínú fótò ẹ̀fọ́ tí ẹnì kan sè, ó ní òun fẹ́ irú rẹ̀ gan-an. Wọ́n sá a sóòrùn dáadáa, wọ́n dì í, ẹni tó ń lọ bá wọn mú un lọ. Láti ìgbà náà, ó ti di oníbàárà. Kì í ṣe ọbẹ̀ tó kún fún ẹran ni ọmọ náà rí. Nínú ọbẹ̀ tó kún fún ẹran, ta ló máa rí ìrù? Nínú ìkòkò tálákà ni ìrù ti ń hàn gbangba. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gba ẹgbẹ̀rún méjì.

Bí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, ẹ jẹ́ ká mú yín dé ilẹ̀ Brazil. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia nígbà láéláé kò gbé nǹkan kan dání, ṣùgbọ́n wọ́n gbé àkàrà lọ nínú orí wọn. Títí di òní, àwọn obìnrin ibẹ̀ ń bó ẹ̀wà, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń fi epo pupa dín in ní ojú ọ̀nà ìlú Salvador, pẹ̀lú gèlè funfun lórí. Acarajé ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ sọ pé inú "àkàrà" àti "jẹ" ni orúkọ náà ti jáde. Àkàrà ojú títì ni o, èyí tí a fi ń mu ẹ̀kọ láàárọ̀. Kì í ṣe oúnjẹ ọba. Àwọn obìnrin yìí kò tijú rẹ̀, wọn kò gbé e pamọ́. Wọ́n ní ẹgbẹ́ bíi tiwa. Lọ́dún 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ wọn sínú ìwé ohun ìní àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà.

Nígbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé ti ọdún 2014 ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn, òfin àwọn FIFA kò fẹ́ kí oníṣòwò kékeré tẹ́ àtẹ sí tòsí pápá ìṣeré. Àwọn oníléeṣẹ́ ńlá tó sanwó fún ìdíje ló ni àyíká. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà jọ tiwa? Àwọn aláàkàrà kò gbà. Wọ́n fi aṣọ funfun wọn jáde, wọ́n fẹ̀hónú hàn, wọ́n gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tó ti jẹ àkàrà wọn tàbí tó ti rí i fọwọ́ sí i. Ní ọdún 2013, nígbà ìdíje tó ṣáájú ti àgbáyé, wọ́n gba àwọn mélòó kan nínú wọn láyè láti ta àkàrà nínú pápá náà. Bí wọ́n bá ti gbé àkàrà wọn pamọ́ nítorí pé oúnjẹ mẹ̀kúnnù ni, ta ni ìbá mọ̀ wọ́n tí yóò bá wọn fọwọ́ sí ìwé?

Nítòsí wa níhìn-ín náà ńkọ́? Àwọn ará Senegal fi ìrẹsì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹja, oúnjẹ ọ̀sán àwọn apẹja ní Saint-Louis, siwájú àjọ UNESCO, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àjogúnbá gbogbo ayé lọ́dún 2021. Àwọn ará Ivory Coast fi attiéké siwájú wọn, wọ́n gbà á lọ́dún 2024. Kí ni attiéké? Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin, tí wọ́n jẹ́ kó kan, tí wọ́n fún omi rẹ̀, tí wọ́n fi ooru sè. Ìbátan gàrí ni, àwọn obìnrin ló sì ń ṣe é. Àwa tí à ń yan gàrí láti àárọ̀ dalẹ́, tí èéfín ti pa ojú wa pọ́n, àwa la wà níbí tí à ń bá ara wa jà pé ta ló ní ẹran, ta ni kò ní.

A kò sọ pé kò sí àléébù nínú ọ̀rọ̀ fótò yìí. Ó wà, a ó sì sọ ọ́ lójú ara wa. Àwọn kan ń yá ẹran lọ́wọ́ alápatà, wọ́n á tò ó sórí ọbẹ̀, wọ́n á ya fótò tán, wọ́n á dá ẹran padà. Ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n alápatà náà ló fẹjọ́ sùn. Àwọn kan ń ya oníbàárà tó jókòó jẹun lọ́dọ̀ wọn láìgba àṣẹ, pẹ̀lú òkèlè lẹ́nu. Ìyẹn kò dára, ẹ jáwọ́. Àwọn kan ń mú oúnjẹ ẹlòmíràn, wọ́n ń ní tàwọn ni. Àwọn ọmọge wa kan sì ń jẹ́ kí ọbẹ̀ jó nítorí pé wọ́n ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbé dára.

Èyí tó ń bà wá nínú jẹ́ jù ni ti ẹni tí fótò ìkòkò rẹ̀ ń dé London àti Amẹ́ríkà lálaalẹ́, ṣùgbọ́n tí abọ́ rẹ̀ kò dé ilé kejì láti ọdún tó kọjá. Fótò kì í yó ènìyàn. Àwa tí à ń gbèjà fótò yìí náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ojú rẹ bá rí i nínú fótò pé ẹ̀fọ́ lásán ni aládùúgbò rẹ fi ń jẹ ọ̀kà lẹ́ẹ̀mẹta léra, tí ẹja sì wà lọ́dọ̀ rẹ, kí lo tún ń dúró tẹ ẹsẹ̀ fóònù sí? Dìde, jàre. Ìdí tí a fi ní kí ìkòkò hàn náà nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ohun tí ìgbìmọ̀ fẹnu kò sí.

Kò sí fáìnì. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún méjì yẹn ti kú, a ti sin ín, kí ẹnikẹ́ni má hú u. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìkòkò rẹ̀ hàn, bó ní ẹran, bí kò ní, kó fi hàn. Ẹni tí kò bá fẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ipá mú un, ilé rẹ̀ ni. Ẹni tó bá rí oúnjẹ tí kò wù ú, kó sọ pé "á gba ibi ire," kó kọjá lọ. Ẹni tó bá tún fi oúnjẹ ọmọ ẹgbẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, òun ni a ó pè wá síwájú ìpàdé. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fótò hàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa kọ orúkọ ẹ̀fọ́ àti ohun èlò síbẹ̀ ní Yorùbá, kí ẹ sì sọ ìlà tí ẹ ti rà á nínú ọjà wa. Kí àwọn ọmọ lè mọ̀ ọ́n, kí àwa náà lè tà.

Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ omi ìfọwọ́ ti wá bá wa lóru, ó sunkún, ó ní ìbínú ohun mìíràn ló wà lára òun lọ́jọ́ náà. A gbọ́. A ní kó lọ sọ ọ́ fún ẹni tó ni ìkòkò, kì í ṣe fún wa. Títí di ìgbà tí à ń kọ èyí, kò tíì lọ. A ń retí rẹ̀.

Àwa mẹ́rin nínú ìgbìmọ̀ lọ sílé opó náà lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Gbúre náà ló tún sè, pẹ̀lú ìrù tó pọ̀. A jẹ ẹ́ tán, a fọwọ́ nu àwo. A kò ní sọ pé ó dùn ju ti ẹlẹ́ran lọ, irọ́ ni ìyẹn yóò jẹ́, ṣùgbọ́n ó dùn, a sì tún bù sí i. Ó gbà láti sè é wá sábẹ́ igi ní ọ̀sán ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, kí gbogbo wa jẹ níbẹ̀. Kí kálukú mú ọ̀kà tàbí ẹ̀bà tirẹ̀ dání, àti abọ́, nítorí abọ́ ẹgbẹ́ tó ṣẹ́ kù kò pé mẹ́wàá mọ́, ẹ̀yin tí abọ́ wà lọ́wọ́ yín láti ìgbà ìsìnkú ọjọ́ yẹn sì mọ ara yín. Àwọn tó ti ṣe tán láti san ẹgbẹ̀rún méjì, ẹ mú un wá, a ó fi ra ẹja fún ìkòkò náà.

Àwa ni,
Akọ̀wé, fún ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ obìnrin ọjà Ayewa.